Oúnjẹ Ẹ̀bá Ọ̀nà ní Ìlú Onílùú: Ṣé Kí A Tọ́ Ọ Wò ni, Àbí Kí A Gbé Gàrí Tiwa Lọ?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe àgùnbánirọ̀ fẹ́ gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Accra ní oṣù Kejìlá. A ó sun oorun ọjọ́ kan ní Kùtọnu, a ó sì sun ọ̀kan ní Lomé. Láti ìgbà tí a ti ń ṣètò ìrìn àjò yìí ni àríyànjiyàn ti wà láàárín wa lórí oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ mi sọ pé òun kò ní fi ẹnu kan ohunkóhun tí wọ́n bá ń tà ní ẹ̀bá ọ̀nà níbẹ̀, nítorí pé a kò mọ ohun tí wọ́n fi sè é, a kò sì mọ ẹni tí ó sè é. Ó ti ra gàrí, ṣúgà, ẹ̀pà àti Indomie sílẹ̀. Ní tèmi, bí ó bá jẹ́ gàrí ni mo fẹ́ mu, ǹ bá jókòó sí Ìbarà. Ta ni ó tọ̀nà nínú wa? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó ti rin ọ̀nà náà rí ni kí ó dá wa lóhùn, kì í ṣe ẹni tí ó kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

* * *

Àbúrò mi, mo ti rin ọ̀nà náà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, mo sì ní àwọn oníbàárà ní Accra tí mo máa ń gbé ọjà lọ fún. Kí n tó bọ́ sídìí òwò, ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ń tajà ní Kútọ̀ ni a jọ máa ń lọ. Ó bí ìbejì, nítorí náà Ìyá Ìbejì ni n ó máa pè é níhìn-ín. Ìyá Ìbejì ni ó dà bí ọ̀rẹ́ rẹ, èmi ni mo dà bí ìwọ, nítorí náà má ṣe rò pé adájọ́ tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan ni ó ń dá ẹjọ́ yìí.

Gàrí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Gàrí fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. A ti yan án gbẹ lórí iná, omi kò sì sí lára rẹ̀ tí kòkòrò àìfojúrí yóò fi rí ibi gbèrú sí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í jẹ gàrí ní gbígbẹ yó. Omi wo ni ọ̀rẹ́ rẹ yóò fi mu ún ní Kùtọnu? Bí ó bá jẹ́ omi inú ike tí wọ́n dé pa láti ilé iṣẹ́ ni, ó dára. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ inú ilé ìtura tí kò mọ ibi tí ó ti ń ṣàn wá ni, a jẹ́ pé ohun tí ó ń sá fún gan-an ni ó bù sínú abọ́, tí ó fi ṣíbí pò, tí ó sì gbé mì. Ẹni tí ó jẹ ìrẹsì tí ó ń gbóná fẹlifẹli láti orí iná ní ẹ̀bá ọ̀nà kò fi ara wewu tó ẹni tí ó fi omi tútù tí kò mọ̀ mu gàrí nínú yàrá. Bí ó bá di dandan kí ó jẹ gàrí, kí ó fi omi híhó tẹ ẹ̀bà. Ti Indomie kò le, nítorí pé iná ni a fi ń sè é, bí ẹ bá ṣáà rí iná.

Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń béèrè ni bóyá ẹ mọ oúnjẹ náà tàbí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ikùn kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Bí oúnjẹ náà bá jinná dénú, bí ó bá ṣì gbóná, tí kò sì tíì pẹ́ tí ó ti kúrò lórí iná, ikùn yóò gbà á, ìbáà jẹ́ pé ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí láyé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún pé oúnjẹ tí a ti sè kò gbọdọ̀ wà ní ìta ju wákàtí 2 lọ, pé láàárín ìwọ̀n ooru 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń yára pọ̀ sí i. Ìkòkò tí ń hó kò sí láàárín ibẹ̀. Kúlà ìrẹsì tí wọ́n ti ṣí tí wọ́n sì ti dé nígbà ogójì láti àárọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa.

* * *

Ẹnì kan láti Àṣerò ti fèsì pé: "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ohun tí n kò bá mọ orúkọ rẹ̀, n kì í jẹ ẹ́." Àwọn mẹ́ta mìíràn sì ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òótọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún òwe yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ìgbà kejì tí a lọ, a ti lo ọjọ́ mẹ́ta ní Accra. Mo ti jẹ àwọn oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà wọn: mo ti jẹ kenkey, mo ti jẹ waakye, mo ti jẹ kelewele ní alẹ́ méjì tẹ̀ léra, inú mi sì dákẹ́ bí omi àmù. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Abẹ́òkúta, Ìyá Ìbejì kò jẹ nǹkan kan bí kò ṣe búrẹ́dì àti sàdíìnì. Ní ọjọ́ kẹrin, àánú rẹ̀ ṣe mí. A rí ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Fáànù ń fẹ́ níbẹ̀, aṣọ wà lórí tábìlì, ọmọbìnrin tí ó ń bu oúnjẹ sì wọ ìbọ̀wọ́. Ìyá Ìbejì ní, "Ọlọ́run ṣeun, èyí ni mo mọ̀." Ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí ó ń ṣínu ààwẹ̀. Èmi náà jẹ ẹ́, mo sì gba sàláàdì lé e lórí, irú èyí tí wọ́n ti po nǹkan funfun mọ́. Inú kúlà ńlá ni wọ́n ti ń bu ìrẹsì náà, kò gbóná, kò sì tutù, ó kàn lọ́wọ́ọ́rọ́ ni. Olùkọ́ oúnjẹ ni mo jẹ́, mo rí i pé ó lọ́wọ́ọ́rọ́, mo sì jẹ ẹ́, nítorí pé ó jọ ti ilé.

Kí aago méjìlá òru tó lù, àwa méjèèjì ti ń du ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo. Èmi ń bì, ìgbẹ́ gbuuru ń yọ Ìyá Ìbejì lẹ́nu, bí ọ̀kan bá jáde ni èkejì ń wọlé. Ohun tí ó yọ wá ni omi oníyọ̀ àti ṣúgà: ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a gé orí rẹ̀, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kan náà, nínú omi mímọ́ lítà 1. Ṣúgà tí Ìyá Ìbejì gbé láti ilé láti fi mu gàrí ni a lò, n kò sì ní fi ìyẹn du ọ̀rẹ́ rẹ: kí ó gbé ṣúgà lọ.

Ìrẹsì náà ni mo fura sí. Kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus, tí ó fẹ́ràn ìrẹsì púpọ̀. Èso rẹ̀ kì í kú nígbà tí a bá ń se ìrẹsì, bí ìrẹsì náà bá sì wà ní ìlọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́, yóò hù, yóò sì tu oró sí i. Oró tí ó ń mú ènìyàn bì nínú rẹ̀ kì í bàjẹ́ bí a bá tún ìrẹsì náà gbé kaná, nítorí náà "ẹ bá mi mú un gbóná díẹ̀ sí i" kò ṣe ìrànlọ́wọ́ kankan níbi tí ó bá ti pẹ́ jù. Ó sì lè jẹ́ sàláàdì ni. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ẹ̀gbọ́n, orúkọ tí àwa méjèèjì mọ̀ láti kékeré ni ó gbé wa dè ní ilẹ̀ àjòjì.

* * *

Àwọn kan ní kí n yé sọ̀rọ̀ kòkòrò, kí n sọ ohun tí ènìyàn lè jẹ gan-an. Ó dára.

Ní Kùtọnu, kò yẹ kí ebi pa ọmọ Yorùbá. Àkàsà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ wa. Amiwo jẹ́ ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi omi ẹran àti tòmátì rò títí tí ó fi pọ́n, adìẹ díndín ni wọ́n sì sábà máa ń fi jẹ ẹ́. Wagasi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí í ṣe wàrà àwọn Fúlàní, ewé bọmubọmu kan náà tí a mọ̀ ni wọ́n fi ń mú un dì. Wọ́n máa ń pa á láró pupa. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ra èyí tí wọ́n ń dín lójú yín. Ní Lomé, ẹ wá ablo: ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí ti àgbàdo tí wọ́n fi ooru omi sè, tí ó fúyẹ́, tí ó sì dùn díẹ̀. Ablo ni ó kọ́kọ́ ṣí Ìyá Ìbejì lẹ́nu, nítorí pé ooru tí ó ń rú láti inú ìkòkò náà mú un rántí mọ́ínmọ́ín.

Bí ẹ bá dé Accra, ẹ rántí pé aago wọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, nítorí náà ebi àárọ̀ yóò pa yín kí àwọn olóúnjẹ tó gbé ìkòkò ka iná. Hausa koko àti koose ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àkàrà ni koose, n kò rí ìyàtọ̀ tí ó tó jà lé lórí. Koko dà bí ògì tí a fi jéró ṣe, wọ́n sì máa ń lọ atalẹ̀, ata àti kànáfùrù mọ́ ọn, tí yóò máa ta ènìyàn lọ́nà ọ̀fun. Inú ìkòkò tí ń hó ni wọ́n ti ń bu koko, inú epo tí ń hó ni wọ́n ti ń kó koose. Fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà, n kò mọ ohun tí ó tún ṣe é fọkàn balẹ̀ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Waakye ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀ ni, láti inú orúkọ Haúsá, shinkafa da wake, ni wọ́n sì ti gé orúkọ náà kúrú. Pípọ́n rẹ̀ ni ó máa ń da àwọn ènìyàn wa láàmú. Nígbà tí Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ rí i, ó fà mí lápá, ó ní aró aṣọ ni wọ́n dà sí i. Èmi tí aró jẹ́ iṣẹ́ mi ni ó ń sọ ọ́ fún! Mo bi ìyá olóúnjẹ náà, ó sì na poroporo ọkà bàbà gbígbẹ pẹ̀lú ewé rẹ̀ sí mi láti ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀. Òun ni wọ́n ń jù sínú omi tí wọ́n fi ń sè é, òun náà ni ó sì ń pọ́n wagasi ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé láti ara ewé ni a ti ń rí ẹ̀lú kò yẹ kí ó yà á lẹ́nu pé ewé lè sọ ìrẹsì di pupa.

Ewu inú waakye kò sí nínú àwọ̀ rẹ̀. Inú ohun tí wọ́n ń kó lé e lórí ni ó wà. Wọ́n lè fi gàrí, tàlíà tí í ṣe sùpàgẹ́tì, ẹyin sísè, ẹja díndín, wele tí í ṣe pọ̀nmọ́, sàláàdì àti shito lé e, títí tí ẹ kò fi ní rí ìrẹsì náà mọ́. Shito ni ata dúdú tí wọ́n fi ẹja gbígbẹ, edé àti atalẹ̀ dín nínú òróró fún ìgbà pípẹ́, kì í tètè bàjẹ́. Sàláàdì ni kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ kúrò. Kí ẹ sì lọ ní òwúrọ̀, sí ibi tí èrò tò sí, nítorí pé ibi tí wọ́n bá ti ń tò ni ìkòkò ti ń tètè ṣófo, oúnjẹ kì í sì í rí àyè bàjẹ́ nínú ìkòkò tí kì í pẹ́ ṣófo.

Kenkey dà bí ẹ̀kọ tí ó ṣe agídí. Wọn yóò rẹ àgbàdo, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta, wọn yóò ro apá kan, wọn yóò pò ó mọ́ tútù tí ó kù, wọn yóò pọ́n ọn, wọn yóò sì sè é fún wákàtí púpọ̀. Èyí tí àwọn Gã ń ṣe, háhá àgbàdo ni wọ́n fi ń pọ́n ọn. Èyí tí àwọn Fante ń ṣe, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Kíkan rẹ̀ ń dáàbò bò ó, nítorí pé ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ń fa àìsàn kò fẹ́ ibi tí ó bá kan, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti sè é nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án títí ẹ ó fi tú u. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ata tútù tí wọ́n lọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: iná kò kàn án, omi tí wọ́n sì fi fọ̀ ọ́ ni ẹ óò máa jẹ. Shito dúdú ni kí ẹ gbà.

* * *

"Ikùn ọmọ Nàìjíríà kì í dàrú. Ẹni tí ó bá ti jẹun ní Pansẹ́kẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ lè jẹun níbikíbi ní àgbáyé." Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó kọ èyí.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ó wà nínú omi àti oúnjẹ Abẹ́òkúta ni ikùn ọmọ Abẹ́òkúta ti bá dọ́rẹ̀ẹ́. Bí ó bá kọjá ẹnubodè, ó lè pàdé ìran mìíràn tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn àlejò tí ń wá wo òkúta Olúmọ náà máa ń ní inú rírun níbí, ẹ kò sì gbọ́ kí a sọ pé àwa ni oúnjẹ wa kò dára. Ohun kan ni mo fi máa ń kìlọ̀ fún irú àwọn akíkanjú báyìí: yìnyín. Dídì kì í pa gbogbo kòkòrò inú omi, kàkà bẹ́ẹ̀ ńṣe ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn títí yóò fi yọ́ sínú ife yín. Sóbò tí wọ́n ń pè ní sobolo níbẹ̀ dára nínú ike tí a dé, tí ó sì tutù láti inú fíríìjì. Èyí tí wọ́n fọ́ yìnyín sí nínú korobá, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

* * *

Mo ń kúrò lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n n ó padà.

Ní ọjà Makola ní Accra, Ìyá Ìbejì fi ìborùn bo imú rẹ̀ níwájú obìnrin kan tí ó ń ta momoni. Ẹja oníyọ̀ tí wọ́n jẹ́ kí ó kan ni momoni, òórùn rẹ̀ kò sì ṣe é fi pamọ́. Wọ́n ní irú rẹ̀ ní Benin náà, lanhouin ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀, ó kàn wo Ìyá Ìbejì láti òkè dé ilẹ̀, ó sì yí ọ̀bẹ rẹ̀ padà sórí ẹja. Ojú tì mí débi pé mo ra èyí tí n kò fẹ́ lò.

Nígbà tí a jáde, mo bi í pé, "Irú ńkọ́?" Ó dákẹ́. Irú pẹ̀tẹ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀ ní Kútọ̀, bí àlejò bá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ṣé yóò rò pé òdòdó ni? Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Oníbàárà mi kan láti Accra wá yan àdìrẹ ní Ìtòkú nígbà kan, mo sì gbé làfún síwájú rẹ̀. Ó bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ṣé nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú ilé ìdáná. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí a tó sá a, òórùn tirẹ̀ ni ó ń gbọ́, òun náà sì ni ọmọ Ẹ̀gbá ń gbọ́ tí itọ́ fi ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ o. Òkèlè mẹ́ta ni ó jẹ, ó ní ó dára, kò sì jẹ ẹ̀kẹrin. Èmi kò bínú sí i, nítorí pé kò bo imú.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ọ̀rẹ́ rẹ kò ní láti jẹ ohun tí kò fẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá dúró níwájú ẹni tí ó ń ta oúnjẹ, kí ó má ṣe yínmú, kí ó má sì tutọ́. Ní ti pé òórùn burúkú ń fi hàn pé oúnjẹ ti bàjẹ́, ìyẹn kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìrẹsì tí ó dá wa dùbúlẹ̀ ń ta sánsán.

* * *

Ìbéèrè méjì tí wọ́n jọ ara wọn, n ó dá wọn lóhùn pọ̀.

Arábìnrin kan láti Kẹ́mta béèrè bí Mùsùlùmí yóò ṣe mọ oúnjẹ tí ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Domedo ni wọ́n ń pe ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ní Ghana, prako sì ni ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ ní èdè Twi. Ní Benin àti Togo, ọ̀rọ̀ Faransé tí ẹ óò gbọ́ ni porc. Chinchinga ni sùúyà wọn, ẹ bi wọ́n irú ẹran tí ó jẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ibi tí wọ́n ti ń ta waakye àti koko sábà máa ń jẹ́ ti àwọn Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹ béèrè síbẹ̀. Ẹni tí èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ kò gba ọ̀yà kí ó mọ̀ pé akrantie ni ọ̀yà ní Ghana, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá kan sọ pé ara ọmọ òun máa ń wú bí ó bá jẹ edé. Ẹ̀yin bàbá, èyí kọjá ọ̀rọ̀ ìtọ́wò. Edé wà nínú shito, ó sì lè wà nínú ọbẹ̀ tí ẹ kò fojú rí i. Lórí èyí nìkan ni mo fara mọ́ ẹni tí ó ní kí a má jẹ ohun tí a kò mọ: ẹni tí edé tàbí ẹ̀pà lè dí lọ́nà ọ̀fun kò gbọdọ̀ gbára lé "rárá, kò sí níbẹ̀" láti ẹnu ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa.

* * *

Ọkùnrin kan ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ tí kò bá lè bá òun jẹun ní àjò, òun kì í bá a rìn mọ́. Èyí bí mi nínú díẹ̀. Mo ti bá Ìyá Ìbejì rin ìrìn àjò mẹ́ta. Ní ti àkọ́kọ́, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé Aflao, ẹnubodè Togo àti Ghana, kò sì jẹ nǹkan kan, kìkì pé ó bínú. Ní ti kejì, mo ti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ti kẹta, a ṣe àdéhùn kan kí a tó kúrò ní Abẹ́òkúta: abọ́ kan ṣoṣo ni a óò máa rà, èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, kò sì ní dandan fún un láti fọwọ́ kàn án. Tí ó bá wù ú, yóò mú díẹ̀. Tí kò bá wù ú, n kò ní sọ nǹkan kan.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí ó dára jù nínú àdéhùn náà kì í ṣe ti oúnjẹ? Ojú Ìyá Ìbejì mú ju tèmi lọ. Nígbà tí mo bá ń bá olóúnjẹ sọ̀rọ̀, òun ni ó ń wo bóyá obìnrin náà ń fi ọwọ́ tí ó fi gba owó bu oúnjẹ, bóyá omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ti di ẹrẹ̀, bóyá eṣinṣin ń bà lé ẹran tí wọ́n ti yan sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí a máa lọ, mo sì gbọ́ sí i lẹ́nu. Ẹni tí ọ̀fun ń dùn kì í rí nǹkan wọ̀nyí. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá jẹ́ oníbẹ̀rù, lo ìbẹ̀rù rẹ̀.

Ohun kan sì tún kù lórí èyí. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì má ṣe jẹ ohun tuntun kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè dìde lọ wá oògùn. Bí ìgbẹ́ bá sì dé, ẹ má ṣe sáré mu oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ tàbí tí ara ń gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ. Bí kò bá sí èyí, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni kí ẹ máa mu, díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́ dúró.

* * *

Ẹni tí ó béèrè ti padà wá. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ti ka gbogbo rẹ̀. Ó ní òun yóò tọ́ koose wò, òun yóò sì tọ́ kelewele wò, nítorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ní gàrí àti ẹ̀pà òun ń bá òun lọ, pé èmi kò lè dá òun dúró."

Má ṣe dá a dúró. Kelewele jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ata àti atalẹ̀ pa, tí wọ́n sì dín. Alẹ́ ni wọ́n ń tà á, ẹ̀pà ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Kí ó yọ ẹ̀pà rẹ̀ jáde. Ní ti gàrí, Ìyá Ìbejì gbé tirẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ìgbà ìkẹyìn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì oní-waakye pẹ̀lú mi, ó ní kí wọ́n má ṣe fi gàrí tiwọn sí i nítorí pé kò kan tó, ó tú ọ̀rá tirẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì wọ́n gàrí Ẹ̀gbá lé e lórí. Ìyá olóúnjẹ náà na ọwọ́, ó ní kí ó wọ́n díẹ̀ sí òun náà lọ́wọ́.